Igbá Irú Tó Ń Mí

“Ẹni tó kàn!”

Dúródọlá kò gbójú sókè. Láti àárọ̀ ló ti ń pe gbólóhùn yẹn, ahọ́n rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Àfi bí òórùn irú ṣe gba imú rẹ̀ wọlé lójijì. Ló bá wò ó, ìyá rẹ̀ ló jókòó sórí àga ìwọnmí, ó ti gbé ọ̀pá gíláàsì sẹ́nu, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.

“Màámi! Ta ló ní kí ẹ wá lónìí?”

Ìyá náà yọ ọ̀pá lẹ́nu. “Lẹ́tà dé. Wọ́n ní kí Ìbíyẹmí onírú wá mí níwájú ìjọba. Àbí torí pé ọmọ mi ló ń wọn èémí, kí n máa wá mí sínú àpò?”

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́ lẹ́nu ẹni bíi mẹ́ta. Nílùú Abẹ́-Àwọ̀n, èèyàn kì í rẹ́rìn-ín jù. Àwọ̀n ńlá tí wọ́n ta bo gbogbo ìlú ń gba eruku aṣálẹ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá yọ́ kọjá níbẹ̀ tó láti dí ọ̀fun ẹni.

“Ẹ fẹ́ ẹ, Màámi. Ẹ fẹ́ ẹ dáadáa.”

Ìyá fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n gbéra, ó dé orí méjì, ó dúró síbẹ̀.

“Ẹ tún un fẹ́.”

Méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ pé méjì mọ́.

Dúródọlá tẹ̀ síwájú. Ó wo ìdẹ̀ra tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ eegun ọrùn ìyá rẹ̀: pẹlẹbẹ kékeré tí kò ju awẹ́ obì lọ, tó ń kán oògùn sára tọ̀sán-tòru kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa pàdé. Gbogbo ará ìlú ló ní tirẹ̀, láti ọmọ ogójì ọjọ́ lọ sókè. Iná pupa mẹ́sàn-án ló tò sójú ti ìyá yìí. Mẹ́sàn-án ni ìparí, kò sí ìkẹwàá. Ẹni tó bá wà ní ipele kẹsàn-án tí èémí rẹ̀ kò pé mẹ́rin, ìwé kan ṣoṣo ló kù láti fi èdìdì lù fún un. Ìwé aláwọ̀ aró ni, Ilé Ìsinmi ni wọ́n sì kọ sórí rẹ̀ gàdàgbà. Láti ọdún mẹ́fà tí Dúródọlá ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì rí ẹni tó ti Ilé Ìsinmi padà wá ra irú.

Ọ̀gá Akínṣẹ̀yẹ, olórí Ilé Ìwọnmí, ti rí abẹ́rẹ́ náà láti orí tábìlì tirẹ̀. Ó dìde, ó gbé ife rẹ̀ dání. Ife onídèérí ni, bíi ti gbogbo wọn, ihò tóóró kan ló wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń mu omi. Ẹni tó bá ti kọjá ipele kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ìdẹ̀ra tó ń la ọ̀fun ló ń gbọn ọwọ́, tó sì ń lé ọkàn eré. Ìdí nìyẹn táwọn ará Abẹ́-Àwọ̀n kì í fi í bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́, èjìká ni wọ́n fi ń kan èjìká. Ipele kẹjọ ni Ọ̀gá wà. Omi inú ife rẹ̀ ń lù lábẹ́ ìdérí.

“Dúródọlá,” ó ní, “o mọ̀ ọ́n ṣe. Má jẹ́ kí n bá ọ ṣe é.”

“Ọ̀gá, ìyá mi ni.”

“Ìyá gbogbo wa ni. Òfin fún un ní ọjọ́ méje láti fi dágbére. Lọ́jọ́ keje, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó wà níbí. Bí kò bá sí níbí, àwọn ẹ̀ṣọ́ á lọ gbé e.”

Dúródọlá mú èdìdì. Ó ti fi lu ènìyàn mọ́kànlá rí, ó sì gbàgbọ́ lóòótọ́ pé àìsàn ló jẹ ara àwọn mọ́kànlá yẹn tán. Ó lu ti ìkejìlá. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tí òfin bá ti tọ́ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣíwájú ọkàn rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ gba ìwé náà, ó ká a sí ìṣẹ́tí aṣọ. “O ṣeun,” ló ní. Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá dùn ún kéré sí i.

*

Àdúgbò àwọn onírú wà ní etí ìlú lọ́hùn-ún, níbi tí àwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, torí ìjọba kò fẹ́ kí òórùn wọn dé imú àlejò. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Dúródọlá débẹ̀. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ láàárín ìlú ló ń gbé. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ tó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú.

Ìyá kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó. “Wá bá mi gbóòórùn eléyìí.”

“Màámi, lónìí náà?”

“Irú ò mọ̀ pé wọ́n ti lù mí ní èdìdì.”

Igbá ńlá mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà, wọ́n fi ewé tẹ́ inú wọn, wọ́n fi aṣọ nípọnnípọn wé wọn bí ọmọ tuntun. Lágbo ilé yẹn, ẹni tó bá se irú kì í sọ pé irú ti jinná. Èèwọ̀ kọ́, ọgbọ́n ni. Wọ́n á yan ẹnìkan nínú ilé, wọ́n á lé e jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, kó lọ sùn níbi tí òórùn irú ò ti sí rárá. Tó bá padà dé, imú tirẹ̀ ló máa dájọ́. Láti ọmọ ọdún méje ni Dúródọlá ti ń ṣe imú ilé.

Ó ṣí aṣọ lórí igbá kejì. Ooru fẹ́ sí i lójú, òórùn náà sì tẹ̀lé e.

“Eléyìí ti jinná. Ẹ kó o lónìí, bó bá di ọ̀la á ti kọjá bó ṣe yẹ.”

“Mo mọ̀ pé o ò ní ṣì í. Èmi tí mo ń bá a gbé, bí o bá rì mí sínú rẹ̀, màá ní omi lásán ni. Imú tó bá ń bá irú sùn, kì í ṣe pé ó kú o. Ó ti gbọ́ ọ sú ni. Jẹ́ kó jáde nílé díẹ̀, á padà sí ipò.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti dáyé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Dúródọlá dúró gbagidi, ìdérí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màámi,” ó ní, “ẹ tún un sọ.”

“Kí ni kí n tún sọ? Pé irú ń rùn?”

“Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá àpótí jókòó. “Ẹ wò ó. Ara wa yìí, sẹ́ẹ̀lì tíntìntín ló kó ara wọn jọ tó di ara. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àwọn agbàpè lára awọ rẹ̀ lóde, bí ẹni ní etí. Oògùn inú ìdẹ̀ra ló ń pe agbàpè, agbàpè á wá ní kí ọ̀fun là. Àmọ́ tí wọ́n bá ń pè é láìdákẹ́, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fi nǹkan dí etí náà. Bí ìpè ò bá tún dákẹ́, á fa agbàpè kúrò lóde, á mú un wọlé. Bó bá wá pẹ́ jù, á tú èyí tó wà nínú ilé palẹ̀ pàápàá. Lóṣù tó kọjá, mo wo ẹran ọ̀fun ẹni ipele kìíní lábẹ́ awò tí í sọ kékeré di ńlá. Àwọn agbàpè pọ̀ lọ súà. Mo wo ti ẹni ipele kẹsàn-án, mo wá a títí ojú fi ń ro mí, díẹ̀ báyìí ni mo rí.”

“Nígbà tí etí ò wá gbọ́ mọ́, kí ni ìjọba ń ṣe?”

“Wọ́n á fi kún ìpè.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan. “Họ́wù! Ẹ gbà mí o! Ogún ọdún ni wọ́n ti ń pariwo sí mi létí, kò sẹ́ni tó rò ó pé kí wọ́n dákẹ́!”

“Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, Màámi. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. Kò bàjẹ́. Bí ìpè bá dákẹ́, èyí tó wà nínú ilé á jáde padà, sẹ́ẹ̀lì á sì ṣe tuntun kún un.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Mi ò mọ̀. Bóyá mẹ́rin. Bóyá márùn-ún.”

“A ní méje.” Ìyá ti fi ìka sí etí ìdẹ̀ra tó wà lára rẹ̀.

Dúródọlá di ọwọ́ náà mú. Lójú ògiri gbogbo ilé ìlú yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó wà lójú ògiri yàrá yìí náà: ẸNI TÓ JÁ ÌDẸ̀RA, Ẹ̀MÍ LÓ JÁ. Ẹni tó bá já ti ẹlòmíràn, apànìyàn ni níwájú òfin, wọn kì í sì í bá apànìyàn rojọ́ pẹ́. Ìyẹn kọ́ ló bà á lẹ́rù jù.

“Bí ẹ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Ara yín ti gbójú lé e. Ẹ máa fẹ́ mí, kò ní wọlé. Èmi ni mo máa wà níbẹ̀ tí màá máa wò yín.”

“Bí mo bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ó sàn ju kí n kú mọ́ ẹni tí ò mọ oríkì mi lọ́wọ́.” Ohùn ìyá ti yí padà, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. “Gbọ́ mi, Dúródọlá. O ti fi èdìdì lù mí láàárọ̀, mi ò bá ọ jà, iṣẹ́ rẹ ni. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ báyìí. Ọmọ ta ni ọ́ nírọ̀lẹ́ yìí?”

Dúródọlá kúnlẹ̀. “Ọmọ yín ni, mà.”

“Ó yá, bá mi já nǹkan yìí.”

Ìṣòro kan ṣì kù. Òpó Àárín, ẹ̀rọ gàgàrà tó wà láàárín ìlú, ń gbọ́ ooru ara láti ojú gbogbo ìdẹ̀ra. Bí ọ̀kan bá tutù pẹ́nrẹ́n, àwọn ẹ̀ṣọ́ á dé kí omi tó hó. Dúródọlá ṣí ọrùn aṣọ tirẹ̀, ó fẹ́ gbé e lẹ̀ mọ́ àyà ara rẹ̀. Ìyá gbá a lọ́wọ́ pàá.

“Ṣé orí rẹ pé? Mẹ́rin tìrẹ, mẹ́sàn-án tèmi? Kí ọkàn rẹ bẹ́ jáde?”

“Kí la wá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ohun tó gbóná bí ara èèyàn ni, tí kò sì ní tutù.”

Ìyá yíjú. Igbá kẹta ló ń wò, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí irú inú rẹ̀ ti ń gbóná bọ̀ lábẹ́ aṣọ.

Wọ́n jọ wo ara wọn.

“Màámi, ẹ ò ní pa mí.”

“Fi ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, kí oògùn wọn má bàa ba irú mi jẹ́.”

*

Ọjọ́ kìíní kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ṣa irú, ó bú aládùúgbò, ó ní ara òun fúyẹ́. Dúródọlá ránṣẹ́ sí Ilé Ìwọnmí pé òun ń bá ìyá òun dágbére, òfin sì fàyè gba ìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku. Èémí ìyá kọ́kọ́ ń súfèé, nígbà tó yá súfèé náà dákẹ́, ìyẹn ló sì burú jù, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó èyí tí yóò súfèé mọ́. Dúródọlá ti rẹ aṣọ sómi, ó ti ta á bo gbogbo fèrèsé. Ó dojú odó délẹ̀, ó ní kí ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra kó tẹ̀ síwájú, kí àyà lè rí àyè. Ètè ìyá ń dúdú bọ̀. Ìfọ́n àwọn ọmọdé wà lọ́wọ́ Dúródọlá, èyí tí oògùn inú rẹ̀ kò ju ipele kìíní lọ. Ó fọ́n ọn sí i lẹ́nu. Ó dúró. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un fọ́n. Ó dà bíi pé ògiri ló fọ́n ọn sí.

Ni Dúródọlá bá fò dìde, ó kọjú sí igbá irú, ó fẹ́ já ìdẹ̀ra níbẹ̀ kó dá a padà. Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò mọ ibi tí ìyá ti rí agbára.

“Fi… í… lẹ̀.”

“Màámi, ẹ ń kú lọ!”

“O ní… wọ́n wà… nínú ilé.” Ó mí, ó mí sí i. “Jẹ́ kí wọ́n… jáde.”

Dúródọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí ìyá rẹ̀ sórí itan, ó sunkún débi tí ẹkún ò fi ṣeé dá dúró. Ó bú Ìgbìmọ̀ Èémí tó ṣòfin, ó bú eruku, ó bú ara rẹ̀ nítorí mọ́kànlá tó ti lu. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ó rántí gbogbo wọn. Bí wákàtí méjì ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, èémí ìyá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kò sí súfèé tó dùn mọ́ Dúródọlá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹta, bákan náà, ṣùgbọ́n ìyá rí oorun sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kẹrin, eruku tún gbé. Àyà ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Dúródọlá mú ìfọ́n ọmọdé, ó fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan péré. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá gbórí sókè lára odó. Ó fa èémí kan, ó gùn, ó dé ìsàlẹ̀ ikùn.

“Háà,” ìyá ní. “Dúródọlá. Ó gbọ́.”

“Kí ló gbọ́, mà?”

“Ara mi. O pè é lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáhùn.” Ó na ọwọ́ sí ife, ó yọ ìdérí rẹ̀ dànù, ó bu omi kún un dé ẹnu, ó gbé e mu. Ẹ̀kán kan kò dà sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bí ọwọ́ ẹni tó ti ìrìnàjò dé. Ọwọ́ náà dúró ṣinṣin. Dúródọlá kò rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà léwe.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n. Irú tuntun tí ìyá dé sínú igbá ti gbóná kọjá ààlà, torí pé tìdùnnú-tìdùnnú ló fi wé e, ó fi aṣọ méjì kún aṣọ rẹ̀. Ni agbóhùn ara ògiri, tí Òpó Àárín fi ń bá ilé kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn dídùn: “Ìyá Ìbíyẹmí, ooru ara yín ti ga. Ibà lè máa ṣe yín. Ṣé kí a rán ẹ̀ṣọ́ wá tọ́jú yín?”

Dúródọlá ta mọ́ igbá, ó ń tú aṣọ lára rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá dúró síwájú ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Ẹ fi mí sílẹ̀ o! Ọjọ́ méjì sí i lẹ máa wá gbé mi lọ, ibà ló wá ń dùn yín? Iwájú ààrò ni mo jókòó sí!”

Dúródọlá ń fẹ́ igbá títí ohùn náà fi padà dé. “Ooru yín ti ń bọ̀ sílẹ̀. Ẹ kú ìsinmi.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì wúkọ́.

*

Lọ́jọ́ keje, aago mẹ́wàá àárọ̀, Ilé Ìwọnmí kún fọ́fọ́. Dúródọlá wọlé, ó gbé ẹrù ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ wé mọ́ àyà. Ó lè gba ẹ̀yìn ìlú sá lọ. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ dá a lábàá. Òun ló kọ̀. Ó ní bí àwọn bá sá, ẹni méjì péré ló máa là, kí ni ti àwọn mọ́kànlá? Kí ni ti àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí?

Ọ̀gá Akínṣẹ̀yẹ jókòó nídìí tábìlì, ẹ̀ṣọ́ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ìyá rẹ dà?”

“Ẹ kọ́kọ́ bi Òpó léèrè, sà. Báwo ni ara ìyá mi?”

Ọ̀gá fojú bù ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́, ó tẹ ẹ̀rọ iwájú rẹ̀. Ohùn dídùn yẹn gba gbogbo gbọ̀ngán: “Ìbíyẹmí, ipele kẹsàn-án. Ooru ara dára. Ara rẹ̀ balẹ̀. Láti ọjọ́ méje, ìdẹ̀ra kò kúrò lára rẹ̀. Ó wà níwájú yín.”

“Ẹ gbọ́ ọ,” Dúródọlá ní. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí tábìlì Ọ̀gá, ó tú aṣọ rẹ̀, ó ṣí ìdérí.

Òórùn irú dìde, ó yí gbogbo ilé po. Àwọn kan dìde lórí bẹ́ǹṣì láti wò ó. Igbá irú ni, ìdẹ̀ra lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná pupa mẹ́sàn-án ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀.

“Ìyá mi rèé, Ọ̀gá. Ẹni tí ẹ̀ ń tọ́jú láti ọjọ́ méje. Ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìsinmi.”

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, bàbá arúgbó kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, “Irú ń mí!”, gbogbo gbọ̀ngán sì gbà á.

Ọ̀gá ti dìde. Ojú rẹ̀ le. “O já ìdẹ̀ra. O pa ìyá rẹ!”

“Ta ló kú?” ni ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ó rìn láàárín wọn wọlé, ó ṣí aṣọ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ojú àpá róbótó nìkan ló kù níbi tí ìdẹ̀ra wà tẹ́lẹ̀. Ó lọ jókòó sórí àga ìwọnmí, ó gba ìfọ́n ọmọdé lọ́wọ́ Dúródọlá, ó fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró. Gbogbo ilé dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọ̀pá gíláàsì sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ.

Abẹ́rẹ́ kọjá méjì. Ó kọjá mẹ́rin. Orí méje ló ti dúró.

“Àwọn agbàpè ara wa kò kú,” Dúródọlá kígbe, ó kọjú sí àwọn ènìyàn. “Wọ́n sá wọlé fún ariwo ni! Ẹ̀ẹ̀meje lẹ̀ ń fi kún un fún wa, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, nígbà tí kò bá sì sí ibi tẹ́ ẹ máa fi kún mọ́, ẹ ó ní àwa la bàjẹ́! Mo fi èdìdì lu mọ́kànlá kí n tó lu ìyá mi. Mo mọ orúkọ wọn. Ọ̀gá, ẹ ṣílẹ̀kùn Ilé Ìsinmi, mo fẹ́ rí wọn. Ẹni tó bá ṣì ń mí nínú wọn, ẹ jẹ́ kó sinmi ní tòótọ́!”

Èèyàn méjì mẹ́ta ti ń fọwọ́ fa ìdẹ̀ra ara wọn.

“Ẹ má já a!” ó kígbe mọ́ wọn. “Ẹ fẹ́ kú ni? Kì í ṣe gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà! Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́jọ́ kejì. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni o, kí ẹnìkan jókòó ti ẹnìkan, kí ìfọ́n wà nítòsí!”

“Ẹ mú un!” Ọ̀gá pàṣẹ. Ó gbé ife rẹ̀ láti mu omi, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìdérí fi ṣí, omi dà sí i láyà. Ìyá rìn lọ bá a, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi tuntun sí i láti inú ìkòkò ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó kún dé ẹnu, ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo nà án sí i láìdé e.

“Ẹ gbà, ọmọ mi,” ó ní. “Ẹ mu ún pẹ̀lẹ́.”

Ọ̀gá ń wo ọwọ́ ìyá. Kò gba ife.

Ẹ̀ṣọ́ tó ga nínú àwọn méjèèjì ti mú okùn, ó ti dé ọ̀dọ̀ Dúródọlá. Dúródọlá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò sá. “Dè mí. Ọ̀la, ẹlòmíràn á wọn yín níbí, màá sì máa pariwo rẹ̀ láti inú àtìmọ́lé títí wọ́n á fi gbọ́.”

Ẹ̀ṣọ́ náà dúró. Iná márùn-ún ló wà lójú ìdẹ̀ra tirẹ̀. Okùn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ ní ọjọ́ mélòó?”

“Márùn-ún. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o ní ẹni tó máa jókòó tì ọ́?”

“Ìyàwó mi wà nílé.”

“Ìyàwó rẹ mọ nǹkan tí ojú máa rí lọ́jọ́ kejì?”

“Màá sọ fún un.”

Ó ká okùn, ó fi í sápò. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọn kò sá jáde, wọn kò jà, wọ́n kàn ń tò. Dúródọlá wo Ọ̀gá, ó wo ìwé aláwọ̀ aró tó wà lórí tábìlì pẹ̀lú èdìdì tirẹ̀. Ó gbé èdìdì náà, ó rì í sínú igbá irú títí kò fi hàn mọ́. Ó jókòó sídìí àga ìwọnmí.

“Ẹni tó kàn!”